Wáyà Tí Páílọ́ọ̀tì Mọ̀ Pé Ó Wà Níbẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 2007, hẹlikọ́pítà ogun kan tí wọ́n ń pè ní Apache ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, nítòsí abúlé Hurwenen, létí odò Waal. Àwọn ọmọ ogun òfurufú ibẹ̀ ló ni ín, ìdánrawò òru ni wọ́n sì ń ṣe. Àfi gbàà! Ó kọ lu wáyà iná ńlá tó gba orí odò náà kọjá. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ kò fara pa, kódà wọ́n rí i gbé balẹ̀. Àmọ́ wáyà ti já, bí 100,000 ènìyàn sì wà nínú òkùnkùn àti òtútù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ẹni tó ń ka ìtàn yìí láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lè sọ pé ọjọ́ méjì láìsí iná, kí ló tún le níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Apache mìíràn láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun kan náà tún lọ kọ lu wáyà iná ní sàkáání ibẹ̀, lóru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sì tún ṣú. Ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín méjèèjì. Ta ló máa wá sọ pé òun ò mọ̀ pé wáyà wà ní agbègbè yẹn?

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Tí a bá gbọ́ pé hẹlikọ́pítà kọ lu wáyà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé páílọ́ọ̀tì kò mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í sábà rí i. Ṣùgbọ́n pé kò mọ̀, ìyẹn kì í rí bẹ́ẹ̀ tó bí a ṣe rò.

Bàálù ńlá tó ń gbé wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò bá wáyà iná du ọ̀nà. Kò pẹ́ tó bá ti gbéra tó fi ń ga ju gbogbo òpó lọ. Hẹlikọ́pítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é wà: kó fín oògùn sí oko, kó gbé ẹni tó ṣèṣe lójú títì, kó lé ọ̀daràn, kó bu omi sí igbó tó ń jó, kó da màlúù jọ ní àwọn oko ńláńlá ilẹ̀ Ọsirélíà, kó máa wo páìpù epo bóyá wọ́n ti dá a lu. Kódà wọ́n ń fi í wo wáyà iná fúnra rẹ̀ bóyá ó ti ń bàjẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, àdúgbò kan náà lòun àti wáyà jọ ń gbé.

Ojú ọjọ́ náà tún máa ń tì wọ́n wá sísàlẹ̀. Tí ìkùukùu bá ń rẹlẹ̀, páílọ́ọ̀tì tí kò fẹ́ wọ inú rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀ kó lè máa rí ilẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí òpó ga dé. (Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ ti Herbert Wigwe àti Bimbo Ogunbanjo, tí hẹlikọ́pítà já pẹ̀lú wọn ní aginjù California ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí ẹni mẹ́fà sì kú. Òru ni, ojú ọjọ́ kò dára, ilẹ̀ ni hẹlikọ́pítà náà já lù. Wáyà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.)

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iná inú wáyà ló ń pa wọ́n. Iná kọ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹyẹ ń bà lé wáyà láràárọ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe é, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì kan wáyà kejì. Ohun tó ń ṣọṣẹ́ ni okùn irin tó nà gbọọrọ, tó le, tí nǹkan tó ń sáré bọ̀ wá forí sọ. Lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ ńlá tó wà lórí hẹlikọ́pítà, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí páílọ́ọ̀tì fi ń darí rẹ̀. Tí wáyà bá wọ ibẹ̀, tó ṣẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn, páílọ́ọ̀tì á ṣì di ìdarí mú, àmọ́ kò ní sí ohun tó ń darí mọ́. Tó bá jẹ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí ni wáyà bà jẹ́, hẹlikọ́pítà á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí òkòtó. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wáyà há sí, á dorí kodò. Ní ibi tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, àyè wo ló wà láti tún nǹkan kan ṣe?

Àwọn àgbà ní igi gàǹgà má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Wáyà kò gbọ́ òwe yìí rárá. Ojú tó mọ́ gaara kì í dá ohun tó bá jìnnà ju bí ìlọ́po 3,400 ìbú ara rẹ̀ lọ mọ̀ dáadáa. Fún wáyà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 34. Hẹlikọ́pítà tó bá ń sá eré kìlómítà 180 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé nǹkan wà níwájú, kí ọwọ́ tó fa ìdarí, kí hẹlikọ́pítà tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ wí, ó ti gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́.

Lóòótọ́, tí wáyà bá ga tí sánmà funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú lè rí i láti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí à ń rìn nílẹ̀ tí à ń gbójú sókè wò ó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń hàn sí wa, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣòro fún wa láti gbà pé ènìyàn lè má rí i. Ṣùgbọ́n páílọ́ọ̀tì tó wà lókè wáyà díẹ̀, igi àti koríko àti ebè ló wà lẹ́yìn wáyà lójú tirẹ̀. Inú ìyẹn ni wáyà ń pòórá sí. Bàbà tí òjò àti oòrùn ti lù fún ọdún pípẹ́ máa ń di àwọ̀ ewé. Alumíníọ̀mù máa ń di àwọ̀ eérú. Wáyà kan náà tó ń dán yanran nígbà tí ò ń lọ lè dà bí èyí tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ò ń bọ̀, nítorí pé oòrùn ti bọ́ sí òdì kejì. Tí wáyà méjì bá sì jọ lọ ní ọ̀gbọọgba, tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, èyí tó ga máa ń dà bíi pé ó wà lọ́nà jíjìn ju èyí tó wà nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ṣe jìnnà.

Èyí tí mo kà sí ọ̀dàlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn ni wáyà tí kò gbé iná rárá. Ní orí àwọn òpó irin ńláńlá, lókè téńté, wáyà kan tàbí méjì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba àrá. Bí Ṣàngó bá binú, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fojú kàn, wọn á sì mú ìbínú rẹ̀ gba ara òpó wọ ilẹ̀ lọ. Torí pé wọn kì í gbé iná, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe wọ́n. Páílọ́ọ̀tì á rí àwọn wáyà tó nípọn nísàlẹ̀, á fà á sókè, á ní òun ti ré wọn kọjá, inú rẹ̀ á sì ti ń dùn, kó tó fi ojú ara rẹ̀ wọ tẹ́ẹ́rẹ́ òkè. Àwọn okùn irin tí wọ́n fi ń de òpó mọ́lẹ̀ kó má baà wó, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù.

Nítorí náà, wọn kì í kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì láti máa wá wáyà. Òpó ni wọ́n ní kí wọ́n máa wá, torí òpó kì í lè fara pa mọ́ bíi wáyà. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n á wá èkejì, wọ́n á sì gbà pé okùn wà láàárín wọn, yálà wọ́n rí i tàbí wọn ò rí i. Ilé kan tó dá wà láàárín oko, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi, kò lè ṣàì gba iná láti ibì kan, a jẹ́ pé wáyà ń bọ̀ láti ibì kan. Igbó tí wọ́n là gbọọrọ láìsí ọ̀nà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òpó tí wọ́n fi okùn dè ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ń sọ pé wáyà ń fà á sí òdì kejì: bóyá ibẹ̀ ló ti yà, bóyá ibẹ̀ ló parí sí. Tó bá sì di dandan láti ré wáyà kọjá, orí òpó ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe àárín méjì. Òpó kì í kúrò níbi tó wà, wáyà àárín sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ooru bá mú tàbí tí iná tó ń gbà á bá pọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán sọ ibi tó rọ̀ dé lónìí.

Ká wá padà sí ọ̀rọ̀ mímọ̀. ATSB, ọ́fíìsì ìjọba Ọsirélíà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, ka ìjàǹbá wáyà 180 láàárín ọdún 2001 sí 2010. Ọgọ́rùn-ún nínú wọn ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń fi bàálù tàbí hẹlikọ́pítà ṣiṣẹ́ oko. Nínú ti àwọn olóko yìí, ìpín 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé páílọ́ọ̀tì ti mọ̀ nípa wáyà náà kó tó lọ kọ lù ú.

Ẹ tún un kà. Ẹni tó ti fò yí oko náà ká lókè, tí olóko ti ya àwòrán ibi tí wáyà gbà fún, tó ti ré wáyà yẹn kọjá ní ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, òun ló padà lọ kọ lù ú ní ìgbà kọkànlá. Ẹni tó bá ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ rí kò ní sọ pé irọ́ ni. Ènìyàn kì í ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé onílé tó bẹ́ẹ̀, torí níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kò farasin. Iṣẹ́ fífín oko gba kéèyàn máa wo nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìlà tó fín kẹ́yìn, atẹ́gùn tó ń gbé oògùn lọ sí oko ẹlòmíràn, ìwọ̀n oògùn tó kù, igi tó wà ní ìpẹ̀kun. Ẹ̀rọ tó ń fín oògùn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ojú á kúrò níwájú, á lọ sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni. Tàbí kó jẹ́ pé ó ti fín gbogbo oko tán, ó ku igun kékeré kan tí kò kàn dáadáa. Ó ní kí òun kàn já a gbà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ọ̀nà tí kò gbà láti àárọ̀. Gbogbo àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ wáyà ló ń fò lọ. Ìgbà yìí, ó dábùú rẹ̀. Ọpọlọ ṣì mọ̀ pé wáyà wà, àmọ́ ó ti fi ìmọ̀ yẹn sí ibi tí ọwọ́ kò tètè tó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń sọ pé tí ètò bá yí padà bó ti wù kó kéré tó, gòkè, yí ibẹ̀ ká, wò ó bí ẹni pé o kò débẹ̀ rí. Tí ẹni méjì bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa pe wáyà sí ara wọn létí lóhùn rara, kì í ṣe kí oníkálùkù rò pé ẹnì kejì ti rí i. Ó ń gba àsìkò, epo ń jó, olóko sì dúró nísàlẹ̀ tó ń wo aago. Mo rò pé aago yẹn ti pa ènìyàn púpọ̀ ju òkùnkùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi òǹkà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ó wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù kì í ṣe ẹ̀rọ púpọ̀, ọ̀bẹ ni. Kánádà ló ti wá, ní ìparí àwọn ọdún 1970, láti iléeṣẹ́ Bristol Aerospace ní ìlú Winnipeg. Ọ̀bẹ kan wà lókè orí hẹlikọ́pítà, òmíràn wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, irin gbọọrọ kan sì wà láàárín dígí iwájú tó ń ti wáyà lọ sí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ wo hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá tàbí ti ológun dáadáa, ẹ ó rí wọn bí ìwo. Eré hẹlikọ́pítà fúnra rẹ̀ ló ń ti wáyà wọ ẹnu ọ̀bẹ tó fi ń gé. Nítorí náà, tí hẹlikọ́pítà bá ń rìn jẹ́jẹ́ tàbí tó dúró sójú kan, ọ̀bẹ kò wúlò. Tí wáyà bá gba òkè ọ̀bẹ òkè, ara abẹ̀bẹ̀ ló lọ. Tó bá gba ìsàlẹ̀ ọ̀bẹ ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ló mú. Tí wáyà bá sì nípọn ju ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é lọ, ọ̀rọ̀ di ti Ọlọ́run.

Òmíràn tún wà tó máa ń fetí sí iná inú wáyà láti òkèèrè, tí yóò sì máa ké sí páílọ́ọ̀tì létí bó bá ṣe ń sún mọ́ ọn. Ó dáa gan-an, ìṣòro rẹ̀ kan ni pé iná gbọ́dọ̀ wà nínú wáyà. Wáyà tó ń gba àrá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ ọ. Okùn òpó, kò ní gbọ́ ọ. Mo kàn ń ro ti ibi tiwa ni: ẹ̀rọ tí yóò dákẹ́ ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí yóò wá ké tòò nígbà tí àwọn ọmọdé bá pariwo "Up NEPA!"

Àwọn ará Jámánì lo ọ̀nà mìíràn: lésà tó ń jáde níwájú hẹlikọ́pítà, tó ń fọwọ́ kan ohun gbogbo tó wà lọ́nà, yálà iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí. HELLAS ni wọ́n ń pè é, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọn sì ti lò ó lára hẹlikọ́pítà tiwọn. Ó wọ́n, ó sì wúwo. Páílọ́ọ̀tì tó ń fín oko àgbàdo pẹ̀lú hẹlikọ́pítà kékeré kò lè rà á.

Ti àwòrán ilẹ̀ tí páílọ́ọ̀tì fi ń mọ ibi tí okùn wà ló kù, ìtàn ìlú Cavalese sì tó fún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1998, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan, kì í ṣe hẹlikọ́pítà, gba àfonífojì kan ní òkè Ítálì pẹ̀lú eré, ó sì gé okùn irin tó ń gbé àpótí èrò lọ sórí òkè. Ogún ènìyàn tó wà nínú àpótí náà kú, kò sì sí ẹnì kan tó yè nínú rẹ̀. Bàálù náà balẹ̀ padà. Okùn yẹn kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ó sì wà lórí ti àwọn ará Ítálì. Ṣùgbọ́n kí á má fi àwòrán bo ohun mìíràn: wọ́n ti fò rẹlẹ̀ ju ibi tí òfin gbà wọ́n láyè dé lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ yẹn bí Ítálì nínú títí di òní, pàápàá bí ilé ẹjọ́ ológun ṣe dá páílọ́ọ̀tì náà sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Ẹ óò ti rí àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń so mọ́ wáyà, pàápàá níbi tó bá ti ré odò ńlá kọjá. Bọ́ọ̀lù kan lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90. Kí ló dé tí wọn kò so ó mọ́ gbogbo wáyà? Òfin ni. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó bá ga ju 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bíi mítà 61, ni òfin sábà máa ń kàn, ọ̀pọ̀ jù lọ wáyà iná ni kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná sí mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń ri òpó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú mọ́lẹ̀ láti fi wọn atẹ́gùn, wọ́n á sì rí i dájú pé kò kàn 200 náà. Lánàá kò sí nǹkan níbẹ̀, lónìí òpó ti dìde láàárín oko pẹ̀lú okùn ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Lẹ́yìn tí ó ti pa àwọn páílọ́ọ̀tì oko, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 2016 pé irú àwọn òpó bẹ́ẹ̀ tó ga láti 50 ẹsẹ̀ bàtà sókè náà gbọ́dọ̀ ní àmì.

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ ri òpó ìbánisọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lórí bó ṣe ga tó lọ́dọ̀ NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, NCAA halẹ̀ pé àwọn yóò wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó iléeṣẹ́ kan tí kò ní ìwé yìí. Èyí tó yẹ ká fi kún un ni pé iyekíye ibi tí hẹlikọ́pítà bá ti rẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ohun tó ń gba ojú páílọ́ọ̀tì kò mọ sórí wáyà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019, hẹlikọ́pítà tó gbé Yemi Osinbajo, igbákejì ààrẹ nígbà náà, ń balẹ̀ ní Kàbbà, ní ilẹ̀ Òkun. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbé eruku ọ̀gbẹlẹ̀ sókè, eruku náà bo gbogbo ibẹ̀, páílọ́ọ̀tì kò rí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ sì dojú dé. Àwọn méjìlá tó wà nínú rẹ̀ jáde láìfara pa. Ká ní òpó iná kan wà nínú eruku yẹn ńkọ́?

Dúróònù ti ń gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ hẹlikọ́pítà báyìí. Ó ń fín oko, ó ń wo wáyà iná. Òun náà ń kọ lu wáyà, ó sì ń já, ẹni tó ni ín á ṣa á jọ, á ra òmíràn. Àmọ́ iṣẹ́ gbígbé ẹni tó ṣèṣe lójú títì ṣì wà lọ́rùn hẹlikọ́pítà, etí ọ̀nà tí òpó iná tò sí sì ni yóò balẹ̀ sí. Kó tó balẹ̀, páílọ́ọ̀tì á bi àwọn tó wà nílẹ̀ lórí rédíò pé wáyà wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ìgbà yẹn lẹni tó dúró sétí títì, tí kò gun hẹlikọ́pítà rí láyé rẹ̀, á wá gbójú sókè.